Jagunjagun, Àlùfáà, Onídán: Yíyan Iṣẹ́ fún Ẹ̀dá Ìtàn nínú Eré Orí Tábìlì

Bí olùkọ́ kan bá kó ọmọ márùn-ún jọ yí tábìlì ká láti kọ́ wọn ní eré Dungeons & Dragons, ìbéèrè kan ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé: ta ni yóò jẹ́ jagunjagun, ta ni yóò jẹ́ onídán, ta ni yóò jẹ́ olè? Eré yìí kò dà bíi ludo tàbí ayò, nítorí pé kò sí ẹni tí ń borí ẹnìkejì níbẹ̀. Ẹnì kan ni atọ́kùn, tí ń sọ ohun tí àwọn yòókù rí àti ohun tí ó pàdé wọn lọ́nà. Olúkúlùkù àwọn yòókù a sì máa sọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀ ṣe. Dáìsì ni a ń dà láti mọ̀ bóyá ohun tí ó dáwọ́ lé yọrí sí rere. Iṣẹ́ tí a yàn fún ẹ̀dá ìtàn ni ó ń sọ ohun tí ó lè ṣe àti ohun tí apá rẹ̀ kò ká.

Ìmọ̀ràn tí àwọn àgbà inú eré náà sábà máa ń fún ẹni tuntun ni pé kí ó mú jagunjagun, nítorí pé òun ni kò ṣòro. Ìmọ̀ràn yìí ti dàgbà, ó sì ní ìdí tirẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá a. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni bóyá ìdí náà ṣì wà níbẹ̀.

Ní ọdún 1971, Gary Gygax àti Jeff Perren tẹ ìwé Chainmail jáde, ìwé òfin fún àwọn tí ń fi ère ọmọ ogun kéékèèké jagun lórí tábìlì. Gygax fi abala kan nípa onídán àti dírágónì kún un. Láàárín ìgbà náà, ní agbègbè Minneapolis àti St. Paul ní ìpínlẹ̀ Minnesota, Dave Arneson dá eré kan sílẹ̀ tí ó pè ní Blackmoor. Níbẹ̀, òṣèré kò darí odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun mọ́. Ènìyàn kan ṣoṣo ni ó ń darí, ìtàn ẹni yẹn a sì máa tẹ̀ síwájú láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Arneson àti Gygax, ẹni tí ń gbé ní Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, pa ọgbọ́n pọ̀. Ní 1974 ni ilé-iṣẹ́ TSR tẹ Dungeons & Dragons jáde: ìwé kékeré mẹ́ta nínú páálí kan, 1,000 ẹ̀dà péré ní títẹ̀ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, jagunjagun, onídán àti àlùfáà.

Kí ni àlùfáà ń wá láàárín jagunjagun àti onídán? Ẹni tí ó bá rò pé ẹnì kan jókòó sínú yàrá, ó sì ronú títí ó fi là á sílẹ̀, kò mọ bí ó ti rí. Nínú eré Arneson, ẹ̀dá ìtàn kan tí ń jẹ́ Sir Fang di òkú amùjẹ̀, irú èyí tí ń jí lóru láti mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé apá àwọn yòókù kò ká a mọ́. Mike Carr, ọ̀kan nínú àwọn òṣèré náà, ni ó gba ipò bíṣọ́ọ̀bù láti dojú kọ ọ́, bí àwọn fíìmù òyìnbó ìgbà náà ṣe máa ń fi ọlọ́gbọ́n tí ó mú àgbélébùú lọ́wọ́ lé amùjẹ̀ lọ. Títí di òní olónìí, àlùfáà inú eré yìí ṣì ń lé òkú tí ń rìn. Àìní ẹgbẹ́ kan ní alẹ́ kan ni ó bí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti olè. Inú àfikún ìwé tí a pè ní Greyhawk ni ó ti jáde ní 1975, àwọn òṣèré ní Santa Monica ní ìpínlẹ̀ California ni ìmọ̀ràn rẹ̀ sì ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Ilẹ̀kùn tí a tì pa àti pàkúté ni olè wá fún. Ṣùgbọ́n kí olè tó dé, gbogbo ènìyàn ni ó ń yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀. Nígbà tí olè dé tán, àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí dúró dè é. Lójú tèmi, ohun tí a kì í sọ fún ẹni tuntun nìyí: iṣẹ́ tí a bá yàn fún ẹnì kan, a ti gbà á lọ́wọ́ àwọn yòókù.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo onídán, nítorí pé orí rẹ̀ ni ìmọ̀ràn àtijọ́ náà dá lé. Ìwé The Dying Earth tí Jack Vance tẹ̀ jáde ní 1950 ni Gygax ti mú ìlànà idán rẹ̀: onídán a kọ́ ọfọ̀ sórí, bí ó bá sì ti pè é tán, ó ti kúrò lórí rẹ̀ nìyẹn, àfi kí ó tún un kọ́. Nínú ìwé fún àwọn ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tí Tom Moldvay ṣètò ní 1981, onídán tuntun ní ọfọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo fún odindi ọjọ́ kan. Kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀wù irin, ọ̀bẹ nìkan ni ohun ìjà rẹ̀. Dáìsì olójú mẹ́rin ni a fi ń mọ ìwọ̀n ẹ̀mí rẹ̀, nígbà tí ti jagunjagun jẹ́ olójú mẹ́jọ. Ọgbẹ́ ẹyọ kan lè pa á. Láti gun ìpele kejì, jagunjagun nílò àmì 2,000, olè nílò 1,200, onídán nílò 2,500. Elf, tí ìwé náà kà sí iṣẹ́ gedegbe tí ó da idà àti idán pọ̀, nílò 4,000! Ọmọ tí ó yan onídán nítorí pé ó fẹ́ ṣe ohun ìyanu yóò pe ọfọ̀ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò káwọ́ gbera títí eré yóò fi parí. Ta ni yóò padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì?

Nítorí náà ni ìmọ̀ràn pé kí ẹni tuntun mú jagunjagun fi jẹ́ àánú. Ìwé tí Frank Mentzer ṣètò ní 1983 tilẹ̀ lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ: kò bi òǹkàwé ní ohun tí ó fẹ́ jẹ́ rárá. Ó sọ ọ́ di jagunjagun láti ojú ìwé àkọ́kọ́, ó sì mú un wọ inú ihò, níbi tí ó ti pàdé àlùfáà obìnrin kan, Aleena, tí ó wo ọgbẹ́ rẹ̀ sàn. Onídán búburú kan tí ń jẹ́ Bargle sì pa Aleena. Kí òǹkàwé tó ka àlàyé lórí iṣẹ́ kankan, ó ti rí ohun tí àlùfáà ń ṣe, ó sì ti mọ ìdí tí a fi ń bẹ̀rù onídán. Mi ò tíì rí ọ̀nà ìkọ́ni tí ó dára ju èyí lọ nínú ìwé òfin eré.

Ṣùgbọ́n àwọn òfin ti yí padà láti ìgbà náà. Láti ẹ̀dà kẹrin, tí ó jáde ní 2008, ni onídán ti ní idán kéékèèké tí kì í tán, ẹ̀dà karùn-ún ti 2014 sì pa èyí mọ́. Onídán ìpele kìíní lè ju iná lu ọ̀tá láti òwúrọ̀ di alẹ́. Iye iṣẹ́ náà ti pọ̀ sí i, wọ́n jẹ́ 11 nínú ìwé ẹ̀dà kẹta ti 2000, wọ́n sì di 12 ní 2014. Ẹni tí ó bá ń sọ fún ọmọ lónìí pé kí ó yẹra fún onídán ń fi òfin 1981 dá a lẹ́jọ́.

Kí wá ni kí olùkọ́ ṣe? Àwọn tí ó ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, kò ní ṣàìrántí àwọn tí wọ́n bá Akàrà-Ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kàkò ní kùmọ̀, Èfọ̀ìyẹ́ ní ọfà, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ sì ní ohùn. Àwọn ará Wisconsin kò ka ìwé yìí kí wọ́n tó dá eré wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí ó kà á kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tí iṣẹ́ jẹ́. Ẹ bi í pé ta ni ó wù ú kí ó jẹ́ nínú ẹgbẹ́ náà, kí ẹ sì gbọ́ ìdí tí yóò sọ. Èyí tí ó bá ní Kàkò ti di jagunjagun. Èyí tí ó bá ní Ìmọ̀dòye, ẹ fún un ní onídán láìbẹ̀rù.

Bí àwọn méjì bá ń du ipò kan náà, ẹ má ṣe bínú sí wọn. Nínú àwọn ẹ̀dá ìtàn márùn-ún tí a ti ṣe sílẹ̀ sínú páálí àwọn ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ ti 2014, àlùfáà kan wà, olè kan, onídán kan. Jagunjagun nìkan ni ó jẹ́ méjì: ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọlọ́lá, èkejì jẹ́ akọni ará oko.