Ibùdó Ọkọ̀ Ojú Irin Kyū-Shirataki

Ibùdó ọkọ̀ ojú irin Kyū-Shirataki (旧白滝駅) jẹ́ ibùdó kékeré kan tí ó wà ní ìgbèríko Engaru, ní erékùṣù Hokkaido, ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Jàpáànù. Ojú irin Sekihoku, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń rìn láàrin Asahikawa àti Abashiri, ni wọ́n kọ́ ọ sí. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1947, wọ́n sì tì í pa ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2016. Pèpéle kan ṣoṣo àti ilé igi kékeré tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀ ni ó ní. Kò sí òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Orúkọ

Ìtumọ̀ Shirataki ni omi funfun tí ń já láti orí àpáta. Kyū túmọ̀ sí "àtijọ́". Nígbà kan, ibùdó márùn-ún tí ń jẹ́ Shirataki ni ó tò tẹ̀lé ara wọn lójú irin yìí: Oku-Shirataki (ti inú lọ́hùn-ún), Kami-Shirataki (ti òkè), Shirataki fúnra rẹ̀, Kyū-Shirataki, àti Shimo-Shirataki (ti ìsàlẹ̀). Ìjọra orúkọ yìí wà lára ohun tí ó fa àṣìṣe tí a ó sọ nísàlẹ̀.

Ìtàn

Ní ọdún 1912 ni àwọn àgbẹ̀ láti agbègbè Wakayama ṣí wá tẹ Shirataki dó. Ueshiba Morihei ni ó ṣíwájú wọn, ẹni tí ó dá ìjà aikido sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ojú irin dé Shirataki ní ọdún 1929, wọ́n sì parí rẹ̀ gba inú òkè kọjá ní ọdún 1932.

Kyū-Shirataki kò sí nínú ètò ìpilẹ̀ṣẹ̀ náà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ibi ìdúró onígbà díẹ̀, ipò yìí ni ó sì wà fún ogójì ọdún. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 1987, nígbà tí wọ́n pín rélùwéè ìjọba sí ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ni ó tó di ibùdó gidi lábẹ́ JR Hokkaido. Nígbà yẹn, àwọn ènìyàn ti ń fi ìgbèríko sílẹ̀. Wọ́n ti Oku-Shirataki ní ọdún 2001. Abúlé Shirataki pàápàá di ara Engaru ní ọdún 2005.

Ìròyìn ọdún 2016

Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CCTV ti Ṣáínà gbé e sórí Facebook pé wọn kò tíì ti ibùdó Kami-Shirataki nítorí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ṣoṣo, àti pé ọjọ́ tí ó bá jáde ìwé ni wọn yóò tì í. Ìròyìn náà tàn ká gbogbo ayé.

Kyū-Shirataki gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ń wọkọ̀, kì í ṣe Kami-Shirataki. Aago 7:04 àti 17:08 tí ìròyìn náà dárúkọ, ti Kami-Shirataki ni. Ní Kyū-Shirataki, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń lọ sí Engaru láàárọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni ó ń padà bọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí di alẹ́. Òun nìkan sì kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ọkọ̀ náà ń gbé. Àìsí èrò ni JR Hokkaido fi ti Kami-Shirataki, Kyū-Shirataki àti Shimo-Shirataki lọ́jọ́ kan náà. Oṣù Kẹta ni ilé-iṣẹ́ náà máa ń pààrọ̀ àtẹ àkókò ọkọ̀ rẹ̀. Oṣù yẹn kan náà ni ọdún ẹ̀kọ́ ń parí ní Jàpáànù.

Síbẹ̀, kì í ṣe irọ́ pátápátá. Akẹ́kọ̀ọ́ náà wà lóòótọ́, ó ń lo ibùdó náà déédéé, oṣù tí ó jáde ìwé ni wọ́n sì tì í. Ohun tí ẹ̀rí kò gbè lẹ́yìn ni pé nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a sí.

Lẹ́yìn títì pa

Shimo-Shirataki di ibi tí ọkọ̀ ti ń yà fún ara wọn, láìgbé èrò. Láti ìgbà náà, kò sí ibùdó èrò kankan láàrin Kamikawa àti Shirataki, ìrìn kìlómítà 37.3.