Bọ́ọ̀lù Kékeré, Àríyànjiyàn Ńlá: Ìtàn Òfin Gọ́ọ̀fù

Bí ẹni méjì bá jókòó ti ọpọ́n ayò, ojú ko ojú ni wọ́n wà. Bí ọ̀kan bá fẹ́ jí ọmọ ayò, èkejì ń wò ó, àwọn òǹwòran tó yí wọn ká kò sì ní í dákẹ́. Ṣùgbọ́n eré kan wà tí ẹnì kan lè wà nínú igbó lápá ọ̀tún, kí ẹnìkejì rẹ̀ wà lẹ́yìn òkìtì lápá òsì, tí ẹnikẹ́ni kò ní í rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Eré náà ni gọ́ọ̀fù. Ta ni yóò ṣe rẹfirí níbẹ̀? Òfin wo ni a lè ṣe tí kò ní í rẹ́ ẹnì kan jẹ? Láti nǹkan bí 280 ọdún sẹ́yìn ni àwọn tí ń gbá gọ́ọ̀fù fún ìgbádùn, tí wọn kì í gba owó lórí rẹ̀, ti ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Fún ẹni tí kò rí i rí, bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kò tó ẹyin adìyẹ. Ọ̀pá ni a fi ń gbá a láti òkèèrè títí yóò fi já sínú ihò kékeré kan. Ihò méjìdínlógún ló wà lórí pápá tó pé. Ẹni tó bá fi iye ìgbà tó kéré jù lọ gbá a dé òpin ló borí.

Ní ọdún 1744, ìgbìmọ̀ ìlú Edinburgh ní ilẹ̀ Sikọ́tílándì fi ọ̀pá gọ́ọ̀fù kan tí a fi fàdákà ṣe lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni láti ibikíbi ní Bìrìtéènì tàbí Áyálándì lè wá du ú. Àwọn ọ̀rẹ́ tó jọ ń ṣeré ní pápá Leith lójoojúmọ́ ti mọ àṣà ara wọn. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá fẹ́ bá onílé du ẹ̀bùn, ṣé àṣà inú ilé tó mọ́? Òfin mẹ́tàlá ni wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà náà. Oníṣẹ́ abẹ kan, John Rattray, ló gba ọ̀pá fàdákà náà lọ́dún yẹn. Ní 1754, àwọn ará St Andrews dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì mú òfin Leith lò, díẹ̀ ni wọ́n yí padà nínú rẹ̀.

Ẹ fi etí sí méjì nínú òfin wọ̀nyẹn. Ọ̀kan sọ pé bí ènìyàn, ẹṣin tàbí ajá bá dá bọ́ọ̀lù dúró, kí a gbá a láti ibi tó dúró sí. Àgbákò ni, kí olúwarẹ̀ gbà á bẹ́ẹ̀. Òmíràn sọ pé bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sínú kòtò tí a gbẹ́ láti dáàbò bo pápá, tàbí sínú ihò tí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbẹ́, tàbí sí ibi tí àwọn ọmọ ogun là, kí a mú un jáde láìjìyà. Ẹ rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ohùn méjì ti wà nínú òfin yìí. Ohùn kan ń sọ pé, “Ohun tó bá dé bá ọ ni kí o gbà.” Ohùn kejì ń sọ pé, “Má jìyà ohun tí ọwọ́ ẹlòmíràn ṣe.” Ìjà ohùn méjèèjì yìí ni ìtàn tí ó kù.

Òfin kan wà tí àwọn òyìnbó ń pè ní stymie. Bí ẹni méjì bá ń bá ara wọn gbá, tí bọ́ọ̀lù ẹnìkejì rẹ dúró sí àárín bọ́ọ̀lù tìrẹ àti ihò, o kò lè ní kí ó gbé e kúrò, àfi bí bọ́ọ̀lù méjèèjì bá sún mọ́ra tó íǹṣì mẹ́fà. Kí o gbá tìrẹ fò ó, tàbí kí o gbá a yí i ká. Àwọn kan ní ọgbọ́n eré nìyẹn. Àwọn mìíràn ní ìrẹ́jẹ gbáà ni. Ní 1930, nínú ìdíje àwọn tí kì í gba owó ní St Andrews, ihò méjìdínlógún kò ya Bobby Jones ará Amẹ́ríkà àti Cyril Tolley ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ihò tí wọ́n fi kún un, bọ́ọ̀lù Jones dínà mọ́ Tolley, Jones sì borí. Ó di 1952, nígbà tí ẹgbẹ́ St Andrews àti ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà kọ́kọ́ pa òfin wọn pọ̀ di ọ̀kan, kí òfin stymie tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ má tìtorí èyí rò pé arẹ́nijẹ ni Jones. Ní 1925, nínú ìdíje ńlá Amẹ́ríkà ní Worcester, bọ́ọ̀lù rẹ̀ mì díẹ̀ nínú koríko bí ó ti ń múra láti gbá a. Kò sí ẹlòmíràn tó rí i. Àwọn alábòójútó ní kí òun fúnra rẹ̀ pinnu. Jones fi ẹyọ kan kún iye tó gbá. Nígbà tí ìdíje parí, iye tirẹ̀ àti ti Willie Macfarlane dọ́gba, wọ́n tún un gbá, Macfarlane sì borí. Ẹyọ kan yẹn ló gba ife lọ́wọ́ Jones. Nígbà tí wọ́n ń yìn ín, ó ní bí ẹni ń yin ènìyàn pé kò fọ́ báǹkì ni.

Ṣùgbọ́n òfin tó fi ọkàn tán olóòótọ́ lè le mọ́ olóòótọ́. Ní 1968, Roberto De Vicenzo ará Ajẹntínà gbá ìgbà 65 ní ọjọ́ ìkẹyìn ìdíje Masters, ọjọ́ ìbí rẹ̀ sì ni. Ẹni tó ń bá a kọ iye sílẹ̀ ṣèèṣì kọ 4 sí ibi tó yẹ kí ó kọ 3, De Vicenzo sì fọwọ́ sí ìwé náà láìyẹ̀ ẹ́ wò. Òfin ní iye tó pọ̀ ju òtítọ́ lọ tí ènìyàn bá ti fọwọ́ sí, òun ni yóò dúró. Wọ́n kà á sí 66, ó sì fi ẹyọ kan pàdánù sọ́wọ́ Bob Goalby. Gbogbo ayé ti rí ohun tó gbá, síbẹ̀ ìwé ló borí ojú. Ṣé ẹ̀tọ́ nìyẹn? Àwọn kan ní bí a bá tún ti ẹnì kan ṣe lónìí, ti ta ni a ó kọ̀ lọ́la?

Ní 2019, wọ́n tún òfin náà kọ, wọ́n dín in kù láti 34 sí 24. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣèèṣì mì lórí koríko kúkúrú tó yí ihò ká, kò sí ìjìyà mọ́. Wọn á kàn dá a padà sí àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò yí padà, òun ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín àwọn tí ń ṣeré fún ìgbádùn. Bí o bá gbá bọ́ọ̀lù dáadáa sí àárín pápá, tí ó bọ́ sínú ojú ọgbẹ́ tí ọ̀pá ẹni tó ṣíwájú gé sára ilẹ̀, ibẹ̀ náà ni ìwọ yóò ti gbá a. Àwọn tó fara mọ́ òfin yìí ń béèrè pé, ta ni yóò sọ ìgbà tí ọgbẹ́ ilẹ̀ jinná? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn ará Leith gba ènìyàn lọ́wọ́ ihò tí ọmọ ilé-ìwé gbẹ́.

Ọ̀nà kan wà tí gọ́ọ̀fù gbà fi ṣàánú. Ìka kò dọ́gba, òpè kò sì lè bá ọ̀ta du ipò ní gbọnrangandan. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sábà ń gbá ìgbà 75, tí ẹnìkejì rẹ̀ sì ń gbá 95, a lè yọ nǹkan bí 20 kúrò nínú iye ti ẹnìkejì kí àwọn méjèèjì lè jọ du ẹ̀bùn. Láti 2020, ìlànà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ káàkiri àgbáyé, iye náà sì lè ga tó 54. Ṣùgbọ́n níbi tí àánú bá wà, alárékérekè kò ní í jìnnà. Àwọn kan ń mọ̀-ọ́n-mọ̀ gbá a burúkú lọ́jọ́ tí kò sí ẹ̀bùn, kí ìrànwọ́ tiwọn lè pọ̀ lọ́jọ́ ìdíje. Kò sí ìṣirò tó lè mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ pátápátá.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé nìyí. Ènìyàn lè tún òfin ṣe títí, kí ó dín in, kí ó fi kún un. Ẹni tó dá wà nínú igbó pẹ̀lú bọ́ọ̀lù rẹ̀ ni yóò pinnu bóyá òfin wà tàbí kò sí. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ gbé èyí lọ sí kíláàsì yín: òfin kan náà fún gbogbo ènìyàn, àti òfin tó wo agbára oníkálukú, èwo ló súnmọ́ òdodo jù? Ẹ jà á dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń bá yín jiyàn sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ó dìgbà kan ná.