Kata àti Randori: Ọ̀nà Ìdánrawò Méjì Nínú Júdò

Ṣé pẹ̀lú ẹni tí ó gbà fún un ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìjà máa dánra wò ni, àbí pẹ̀lú ẹni tí ó ń bá a jà ní tòótọ́? Nínú júdò, ìjàkadì ilẹ̀ Japan, ọ̀nà méjèèjì ní orúkọ. Kata ni ìdánrawò tí a ti là kalẹ̀: àwọn méjèèjì mọ ẹni tí yóò dá ẹnìkejì, wọ́n sì mọ ìgbésẹ̀ tí ó kàn. Nínú randori kò sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Kálukú ń wá bí yóò ti dá ẹnìkejì, kí a má sì dá òun.

Kano Jigoro (1860–1938) ni ó dá júdò sílẹ̀ ní ọdún 1882, ní tẹ́ńpìlì Eishoji ní ìlú Tokyo, lẹ́yìn tí ó ti kọ́ jújútsù. Jújútsù kún fún ohun tí ó lè pa ènìyàn tàbí sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi gbogbo agbára ṣe sí ẹlẹgbẹ́ ẹni lónìí, kí a tún rí i bá dánra wò lọ́la. Kano pín wọn sí méjì. Àwọn tí ewu wọn pọ̀ jù, bí ẹ̀ṣẹ́, ọ̀bẹ àti idà, wà nínú kata, pàápàá Kime-no-kata. Gbígbé ènìyàn ṣánlẹ̀, títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ àti fífún un lọ́rùn ni ó fi sílẹ̀ fún randori. Akẹ́kọ̀ọ́ a sì kọ́kọ́ kọ́ ukemi, èyí tí í ṣe bí a ti ń ṣubú láìfarapa.

Ìpín yìí ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ aṣekúpani dánra wò pẹ̀lú ẹni tí ó ti gbà láti ṣubú kò tíì pàdé ẹni tí ó kọ̀. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá lè máa ràn án lọ́wọ́ láìmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi gbogbo agbára dá alátakò lójoojúmọ́ mọ ohun tí apá òun ká àti ohun tí kò ká, bí ọgbọ́n tí ó ń lò kò tilẹ̀ léwu tó ti èkejì.

Èyí kò sọ kata di asán. Òfin ìdíje ń darí ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe nínú randori. Ní ọdún 2010, àjọ júdò àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin de fífi ọwọ́ mú ẹsẹ̀ alátakò. Kata-guruma ti àtijọ́, nínú èyí tí a ń fi apá gbá itan ẹnìkejì mú kí a tó gbé e lé èjìká, kò ṣeé lò mọ́ nínú ìdíje. Ó ṣì wà nínú Nage-no-kata, níbi tí ẹni tí kò mọ̀ ju ìdíje lọ ti lè rí i kọ́.

Àríyànjiyàn náà kò mọ sínú júdò. Àìkídò tí Ueshiba Morihei dá sílẹ̀ dúró lórí ìfọwọ́sowọ́pọ̀, Ueshiba kò sì fẹ́ ìdíje. Tomiki Kenji, tí ó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn òun àti Kano, mú randori wọ inú àìkídò ní Yunifásítì Waseda: ọ̀kan á di ọ̀bẹ tí kò lè gúnni mú, èkejì kò ní nǹkan lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí yóò gbà fún ẹnìkejì.