Igbó tí Èèwọ̀ ń Ṣọ́

Ní ọdún 1984, Roger Ulrich, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Ó yẹ àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania wò, láti 1972 sí 1981, nípa àwọn tí a ṣiṣẹ́ abẹ fún láti yọ àpò òróòro wọn. Fèrèsé àwọn 23 kọjú sí igi. Ti 23 mìíràn, tí ọjọ́ orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú tàwọn ti ìṣáájú, kọjú sí ògiri bíríkì. Àwọn tí ń wo igi tètè relé, oògùn apàrora líle tí wọ́n lò sì kéré sí ti àwọn yòókù.

Ohun tí ojú ń rí láti orí ibùsùn ni Ulrich wọ̀n. Rachel àti Stephen Kaplan, ní Yunifásítì Michigan, tẹ̀ lé àwọn ènìyàn wọ inú ẹgàn. Wọ́n rí i pé ọkàn tó ti rẹ̀ a máa sinmi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn náà tún ń ròyìn ìbẹ̀rù ọlọ́wọ̀, bí ẹni pé wọ́n wà níwájú ohun tó tóbi jù wọ́n lọ. Èyí kò ní yà ẹnikẹ́ni tó ti wọ igbódù rí lẹ́nu.

Ní Òṣogbo, ìbẹ̀rù ọlọ́wọ̀ yìí gan-an ló dá igbó sí. Ìtàn ìlú sọ pé nígbà tí àwọn èrò Láròóyè àti Tìméhìn gé igi, tí igi sì wó sínú odò, Ọ̀ṣun fi igbe ta pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Wọ́n ṣí kúrò létí odò. Láti ìgbà náà, a kì í gé igi níbẹ̀, a kì í ṣọdẹ, a kì í pẹja. Nígbà tí ọwọ́ àwọn tó fẹ́ ta ilẹ̀ náà fẹ́ tẹ̀ ẹ́, Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tó dé Nàìjíríà ní 1950, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ fi ère àti ojúbọ dí ọ̀nà mọ́ wọn. Ní 2005, UNESCO fi igbó náà, hẹ́kítà 75, sínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá àgbáyé.

Ohun tí igbó ń ṣe fún ènìyàn ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń béèrè. Èèwọ̀ Òṣogbo ń béèrè ohun tí ènìyàn jẹ igbó, ìbéèrè yìí ló sì ṣòro jù. Igi ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn awakùsà góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, lápá òkè odò, ti da omi Ọ̀ṣun rú. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó wá sí ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má ṣe mu omi náà.