Ìyọ̀ǹda Ìrìn-àjò àti Ààbò fún Òṣìṣẹ́ Ìjọba tó ń Lọ sí Erékùṣù Ilẹ̀ Olóoru

Ilẹ̀ olókè ni Èkìtì. Ọ̀pọ̀ nínú àwa òṣìṣẹ́ ìjọba ní Adó-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀ ni kò gbé ẹ̀bá òkun rí. Síbẹ̀, iṣẹ́ ọba lè gbé èèyàn dé erékùṣù. Ìpàdé àjọ ECOWAS lè wáyé ní Cape Verde. Ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kòkó lè fẹ́ wo oko ní São Tomé, tàbí ní Bioko tí àwọn bàbá wa mọ̀ sí Fernando Po, níbi tí kòkó ti wọ Nàìjíríà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. A ṣe ìtọ́sọ́nà yìí kí arìnrìn-àjò lè mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe kí ó tó lọ, nígbà tó bá wà lọ́hùn-ún, àti lẹ́yìn tó bá padà dé.

Ìyọ̀ǹda

Òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ fi ẹnu iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè láìgba ìyọ̀ǹda lákọsílẹ̀, ìbáà jẹ́ àkókò ìsinmi rẹ̀. Kí ìwé ìbéèrè yín sọ ìdí ìrìn-àjò náà, ọjọ́ ìlọ àti ọjọ́ àbọ̀, ibi tí ẹ óò wọ̀ sí, ẹni tí yóò san owó rẹ̀, àti ẹni tí yóò dúró sí ipò yín. Ẹ fi ìwé ìpè tí wọ́n kọ sí yín mọ́ ọn. Ẹ má ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì tàbí gba owó ẹsitakódì kí ìyọ̀ǹda tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ìyọ̀ǹda kì í ṣe ìdínà. Òun ni ọ́fíìsì fi ń mọ ibi tí ẹ wà, bí àìsàn tàbí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀.

Ìwé ìrìnnà

Pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé ni ti gbogbo ará ìlú; aláwọ̀ búlúù ni ti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lọ jẹ́ iṣẹ́ ọba. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ó dára kí ó ṣì ní oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àkókò rẹ̀ tó pé.

Ọmọ ẹgbẹ́ ECOWAS ni Cape Verde. Lábẹ́ àdéhùn ọdún 1979, ọmọ Nàìjíríà lè wọ ibẹ̀ láìgba físà, kí ó sì lò tó 90 ọjọ́. Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ẹnubodè lè béèrè tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà, ibùwọ̀ àti ìwé ìpè. São Tomé àti Equatorial Guinea, tó ni Bioko, kò sí nínú ECOWAS. Nítorí náà, ẹ béèrè nípa físà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ aṣojú wọn ní kùtùkùtù. Bí ọkọ̀ òfuurufú yín yóò bá dúró ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ wádìí bóyá ẹ nílò físà ìkọjá níbẹ̀.

Àjẹsára àti ìlera

Orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ń béèrè ẹ̀rí àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti Nàìjíríà wá. Abẹ́rẹ́ náà kì í bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí di ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí a bá gbà á, nítorí náà ẹ má ṣe fi í di ọ̀sẹ̀ ìrìn-àjò. Láti oṣù Keje ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé, káàdì àtijọ́ sì ṣì wúlò. Aláboyún, ẹni tí àìsàn ti dín agbára ara rẹ̀ kù, àti ẹni tó ti pé 60 ọdún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Cape Verde ti bọ́ lọ́wọ́ ibà ẹ̀fọn. Ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ wa lọ lè gbé kòkòrò ibà náà padà síbẹ̀ láìmọ̀. Bí ara yín bá gbóná níbẹ̀, ẹ má ṣe fi mọ sí oògùn inú báàgì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà. Ibà ẹ̀fọn ṣì wà ní São Tomé àti Bioko, nítorí náà ẹ lo nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì béèrè oògùn ìdènà lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó lọ.

Ibà dẹ́ńgè tún wà. Ní ọdún 2009, ó lé ní 20,000 èèyàn tí wọ́n fura sí pé ó mú ní Cape Verde. Ojú ọ̀sán ni ẹ̀fọn tó ń gbé e kiri ń jẹni, nẹ́ẹ̀tì alẹ́ nìkan kò sì tó. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, kí ẹ sì fi ìpara alẹ́fọn para.

Omi òkun

Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní ń bódò lọ. Ẹni tó mọ ìwẹ̀ nínú odò ilé kò tíì mọ òkun. Omi tó dà bíi pé ó pa rọ́rọ́ lè ní ìṣàn tó ń fa èèyàn kúrò létí bèbè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílùú kí ẹ tó wọ omi, ẹ má ṣe dá wọ̀ ọ́, ẹ má sì ṣe wọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá mu ọtí. Bí ìṣàn bá gbé yín, ẹ má ṣe bá a jà: ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ní ìbú etíkun títí ẹ óò fi bọ́ nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ forí lé ilẹ̀. Ẹ má ṣe wọ ọkọ̀ ojú omi tí kò ní jákẹ́ẹ̀tì agbẹ̀mílà tó kárí gbogbo èrò.

Bí ẹ bá padà dé

Ibí yìí ni ewu tó farapamọ́ wà. Bí ara bá gbóná ní Adó lẹ́yìn ìrìn-àjò, ojú ibà tí a mọ̀ ni ọ̀pọ̀ yóò fi wò ó, wọn yóò sì yà sí kẹ́mísìtì. Bó bá jẹ́ dẹ́ńgè ni, asipirín àti ibuprofen lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya. Parasitamọ́ọ̀lù nìkan ni kí ẹ lò títí dókítà yóò fi yẹ̀ yín wò. Ẹ sọ fún un, kí ó tó béèrè, erékùṣù tí ẹ lọ àti ọjọ́ tí ẹ dé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ìjábọ̀ yín, ẹ fi rìsíìtì owó tí ẹ ná sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ìwé ìyọ̀ǹda àti káàdì àjẹsára yín pamọ́ sí fáìlì. Ẹ fi ẹ̀dà kejì sílẹ̀ fún aya, ọkọ tàbí ẹbí yín kí ẹ tó gbéra, kí ẹnìkan nílé náà lè mọ ibi tí a óò ti wá yín.