Ta Ló Yọ́ Dígí Igbó Olókun?

Ọjà Ṣàngótẹ̀dó níbí ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àǹtí mi fẹ́ ra ìlẹ̀kẹ̀ ìgbéyàwó, mo bá tẹ̀lé wọn lọ. Màmá tó ń tà á gbé ọ̀kan tó rí bí aró sókè, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èyí kì í ṣe tiwa o. Òyìnbó ló ń ṣe dígí." Èmi ò lè bá àgbà jiyàn lọ́jà, àmọ́ ó dùn mí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ibì kan wà ní Ilé-Ifẹ̀ tó ń jẹ́ Igbó Olókun. Leo Frobenius, ọmọ Jámánì, dé ibẹ̀ ní 1910, ó rí ìkòkò amọ̀ tí dígí aláwọ̀ aró àti pupa ti lẹ̀ mọ́ inú wọn. Kí ló wá sọ nípa ọ̀làjú Ifẹ̀? Ó ní láti Atlantis ló ti wá! Ìlú inú àròsọ Gíríìkì tó rì sínú òkun rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju bàbá ńlá wa lọ.

Àwọn tó tẹ̀ lé e ò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní dígí òkè òkun ni Ifẹ̀ kàn ń tún yọ́. Ní 2006 ni Akin Ige, olùkọ́ ní OAU, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àyẹ̀wò jáde pé Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe dígí. Abidemi Babatunde Babalola wá wa ilẹ̀ ibẹ̀ ní 2011 sí 2012. Ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 ló jáde, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò ìyọ́dígí tó lé ní 800. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ṣiṣẹ́ náà. Lime àti alumina pọ̀ nínú dígí yìí. Ti Yúróòpù ò rí bẹ́ẹ̀, ti àwọn Lárúbáwá náà ò rí bẹ́ẹ̀. Irú rẹ̀ tiẹ̀ dé Gao ní Mali.

Láyé ìgbà yẹn kan náà, ní Limoges nílẹ̀ Faransé, wọ́n ń yọ́ dígí lẹ̀ mọ́ bàbà, wọ́n fi ń ṣe àpótí egungun àwọn ẹni mímọ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ẹnì kan bi wọ́n pé ta ló bá wọn ṣe é?

Mo padà lọ bá màmá yẹn, mo rò gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n wò mí títí, wọ́n nawọ́ sí apá òkun. "Olókun tiwa yìí náà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọn ò dín kọ́bọ̀ kù fún mi.