Ìdíje Bọ́ọ̀lù Yunifásítì Amẹ́ríkà Lédè Yorùbá

Ọdún 1959 ni àjọ NCAA bẹ̀rẹ̀ ìdíje bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ọkùnrin láàárín àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, Saint Louis University ló sì gba ife àkọ́kọ́. University of San Francisco gbà á ní 1975 àti 1976, nígbà tí Andy Atuegbu, ọmọ Nàìjíríà, ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Ó yẹ kí ìròyìn irú ìdíje bẹ́ẹ̀ dé etí ará Òkè-Ògùn ní Yorùbá tó já gaara. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí a nílò ti wà lẹ́nu àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù. Díẹ̀ ló kù láti ṣẹ̀dá.

Orúkọ ìdíje ló ṣáájú. “Àfẹsẹ̀gbá” kò ṣeé yọ kúrò, torí pé Amẹ́ríkà ní bọ́ọ̀lù mìíràn tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré. “Kọ́lẹ́ẹ̀jì” kò bá a mu. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀ ní Òkè-Ògùn, ilé ẹ̀kọ́ girama tàbí ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni yóò wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní Nàìjíríà pàápàá, ìdíje wọn yàtọ̀ síra: NUGA wà fún yunifásítì, NIPOGA fún pólì, NICEGA fún kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́. “Yunifásítì” ló tọ́.

Ẹgbẹ́ 48 ló ń kópa. Ẹgbẹ́ tó bá gba ife àgbájọ (“conference”) tirẹ̀ ti pegedé nìyẹn. Ìgbìmọ̀ ló ń yan àwọn yòókù, a sì lè pè wọ́n ní “ẹgbẹ́ àṣàyàn”. “Àgbájọ” dára ju “ẹkùn” lọ, torí láti 2024 ni Stanford tó wà ní California ti wà nínú àgbájọ ACC pẹ̀lú Clemson tó wà ní South Carolina. Ẹgbẹ́ 16 tí ìgbìmọ̀ kà sí alágbára jù máa ń fo ìpele àkọ́kọ́. “Ẹgbẹ́ aṣíwájú” yẹ wọ́n.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kòmẹsẹ̀-ó-yọ ni ìdíje náà. Àwọn oníròyìn eré ìdárayá ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di ti gbogbo ènìyàn, ó sì gbé òfin náà yọ: ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan ti yọ. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ló ń dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá, méjì á sì dé àṣekágbá.

Ọ̀rọ̀ àkókò gba ìṣọ́ra. Aago wọn ń kà sẹ́yìn láti ìṣẹ́jú 45 dé òdo ní abala kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì máa ń dá a dúró bí ẹnìkan bá fara pa tàbí tí bọ́ọ̀lù bá wọ àwọ̀n. Nítorí náà, kò sí ìṣẹ́jú tí rẹfirí ń dá padà lópin abala. “Àfikún àsìkò” dúró fún ohun kan ṣoṣo: abala méjì oníṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá tó ń tẹ̀ lé ìṣẹ́jú 90. Bí kò bá sí olúborí síbẹ̀, pẹnáríti ló ń pinnu ẹni tó ń tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n ọ̀mì ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà. Inú ayò ni “ọ̀mì” ti wá, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó bá ibí yìí mu jù ú lọ.

Kí àwọn oníròyìn àti olùkọ́ kọ́kọ́ lo ohun tó wà lẹ́nu àwùjọ, kí wọ́n tó ṣẹ̀dá tuntun. Bí wọ́n bá sì ṣẹ̀dá, kí ọ̀rọ̀ náà sọ ohun tí òfin eré ń ṣe.